Abẹ́rẹ́ Tó Dúró Sórí Ọgbọ̀n

Ọjọ́ Sátidé ni. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti fi ogún ìṣẹ́jú kọjá nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá tó ń lẹ táyà ní Agbowó. Aago náà dá mi lójú, nítorí mo wo fóònù mi kí n tó kí wọn. Mo ti pẹ́, ojú sì ń tì mí. Òórùn ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀: òórùn rọ́bà tó ń jó, ti gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ táyà, àti ti epo ọkọ̀ tí ilẹ̀ ti ń mu láti ọdún tí n kò mọ iye rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, tí òórùn yẹn ta sí mi nímú, ẹsẹ̀ mi á ti fà sẹ́yìn kí ọkàn mi tó rántí ìdí rẹ̀.

Àgbá afẹ́fẹ́ la wá kàn níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jáde ní yunifásítì ló ni èrò náà. Ìyá rẹ̀ gbin ìrẹsì sí àkùrọ̀ kan lẹ́yìn Apẹtẹ, ìrẹsì náà ti ń gbó, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà ò sì jẹ́ kí màmá náà rímú mí. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń dé. Màmá á máa sáré láti ìkángun oko kan dé ìkejì pẹ̀lú agolo àti igi, bẹ́ẹ̀ orúnkún ń dùn wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi rí ẹ̀rọ kan lórí fóònù rẹ̀, tí ń fi afẹ́fẹ́ ju bọ́ọ̀lù àkísà sókè pẹ̀lú ariwo ńlá. Kò ní ká pa ẹyẹ. Ká lé wọn lásán ni. Òun ń pè é ní àgbá, bíi ti ogun. Èmi ń pè é ní ẹ̀rọ, torí pé orúkọ àgbá yẹn kò jẹ́ kí ara rọ̀ mí.

Sátidé mẹ́ta la fi ṣe é; ọjọ́ tí mò ń sọ yìí ni ìkẹta. Páìpù ike ńlá kan, tó sanra tó itan àgbàlagbà, tí a dí lórí tí a dí nídìí, ni yóò gba afẹ́fẹ́ sínú. Páìpù kejì gùn, ó sì tín-ín-rín. Àkísà ni yóò wà nínú tirẹ̀. Táàpù kan wà láàárín wọn. Bí a bá fa ọwọ́ táàpù náà lẹ́ẹ̀kan, gbogbo afẹ́fẹ́ á tú jáde pọ̀, á sì ju àkísà lọ. Lórí ìwé, ohun tó rọrùn ni. Bàbá gbà wá láyè nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ohun tí wọn kò rí rí, wọ́n sì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́.

“Injiníà,” wọ́n wí fún ọ̀rẹ́ mi, “ṣé ẹyẹ lẹ fẹ́ lé ni, àbí ìlú kan lẹ fẹ́ lọ kó?”

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí páìpù náà, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi èékánná ta á, wọ́n yí i sọ́tùn-ún yí i sósì. “Omi ni wọ́n ṣe èyí fún,” wọ́n wí. “Omi máa ń dárí ji èèyàn. Afẹ́fẹ́ kì í dárí jini.” A gbọ́. A tiẹ̀ tún un sọ fún ara wa lọ́nà ilé bí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, lẹ́yìn náà a padà wá, a ń bá iṣẹ́ lọ.

Iṣẹ́ tèmi nínú gbogbo rẹ̀ kéré. Ọwọ́ mi ò yá. Orí táyà kan ni mo máa ń jókòó sí, tí n óò máa ṣírò, tí n óò máa bi ọ̀rẹ́ mi ní ìbéèrè tó ń bí i nínú. Ohun kan ṣoṣo tí mo mú wá ni géèjì, ohun roboto bí ojú aago, tí abẹ́rẹ́ pupa kan ń yí nínú rẹ̀ láti sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó. Tòkunbọ̀ ni; mo rà á ní Mọ́kọ́lá. Mo rà á nítorí pé Bàbá kì í lo géèjì. Tiwọn ti bàjẹ́ kí n tó mọ̀ wọ́n, wọn ò sì wá òmíràn. Bí wọ́n bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, wọ́n á mú sípánà, wọ́n á fi gbá a lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á di ojú. “Ebi ṣì ń pa á,” wọ́n á wí. Tàbí, “Ó ti yó.” Gbogbo awakọ̀ kẹ̀kẹ́ márúwá tó wà ládùúgbò ló gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Èmi ò gbà á. N kò ní wọ́n ń parọ́ o. Mo kàn ní etí kì í ṣe ẹ̀rí. Ó máa ń rẹ etí, etí sì máa ń gbọ́ ohun tí ọkàn bá ń fẹ́. Kì í rẹ nọ́ńbà.

Mo dán géèjì náà wò lórí táyà kan. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dán an wò. Odindi ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ mi ní yunifásítì pé ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe nǹkan kan. Síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan yẹn tẹ́ mi lọ́rùn, torí pé èmi ni mo ra géèjì.

Ó ti kọjá aago méjì ọ̀sán kí ohun gbogbo tó so pọ̀ tán. A ti fẹnu kò sí ogójì: bí abẹ́rẹ́ bá ti kan ogójì, Bàbá á pa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà. Wọ́n so rọ́bà ẹ̀rọ wọn mọ́ géèjì mi, wọ́n so géèjì mọ́ fáàfù táyà, ẹnu tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé tí kì í jẹ́ kó padà, tí ọ̀rẹ́ mi ti lẹ̀ mọ́ ara páìpù, wọ́n fa okùn, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ gbéra. Mo ń kà á síta bí ẹni ń ka ìbò: mẹ́wàá, ogún, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó dé ọgbọ̀n, ó dúró. Mo sọ fún ara mi pé bí páìpù ṣe ń kún ni abẹ́rẹ́ fi ń lọ́ra. Àlàyé yẹn bọ́gbọ́n mu. Mo ti wá mọ̀ pé àlàyé tó bá bọ́gbọ́n mu ló léwu jù, torí èèyàn kì í padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bàbá pa ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Wọ́n mú sípánà, wọ́n rọra gbá páìpù náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìró rẹ̀ tín-ín-rín, ó ga, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ṣíbí kan ife.

“Ó ti yó,” wọ́n wí. “Ó ti yó kọjá.”

“Bàbá, ọgbọ̀n ni,” mo wí. “Ó ku mẹ́wàá.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Géèjì ni.”

“Ṣé géèjì ló ń bá a jẹun ni?”

Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ fi Ọ̀mọ̀wé sílẹ̀. Bí kò bá tíì rí nọ́ńbà, kò lè sùn.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá,” mo wí, “ẹ fi díẹ̀ kún un.”

Wọ́n wò mí. Bí wọ́n bá bá mi jà lọ́jọ́ yẹn ni, ì bá dára. Wọn ò bá mi jà. “Ẹ̀yin lẹ kàwé,” ni wọ́n wí, wọ́n sì tún fa okùn ẹ̀rọ.

Mo rò pé ìṣẹ́jú méjì ni ẹ̀rọ náà tún fi ṣiṣẹ́. N kò lè búra. Abẹ́rẹ́ kò kúrò lórí ọgbọ̀n. Nígbà tó yá, Bàbá pa á fúnra wọn. “Èmi ò ṣe mọ́,” wọ́n wí. Ọ̀rẹ́ mi ní kò burú, pé kí á fi ọgbọ̀n yẹn dán an wò. Mo yọ rọ́bà kúrò lẹ́nu géèjì, mo bọ́ géèjì kúrò lára fáàfù, mo dì í mú. Ọ̀rẹ́ mi kọ ẹnu páìpù gígùn sí ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí kò sí ògiri, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni, ó wá la ẹsẹ̀ lé páìpù ńlá bí ẹni gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó kúnlẹ̀, ó fa ọwọ́ táàpù.

Táàpù kò yí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un, ó sì fi àyà tì í.

Mo wo géèjì tó wà lọ́wọ́ mi láìní ìdí kan, bí èèyàn ṣe máa ń wo aago. Abẹ́rẹ́ wà lórí ọgbọ̀n. N kò tètè lóye ohun tí mò ń wò. Géèjì náà kò so mọ́ ohunkóhun mọ́. Rọ́bà kò sí lẹ́nu rẹ̀, páìpù kò sí nídìí rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi nìkan ló wà. Ó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀ sí òdo. Mo fi ìka ta á. Ọgbọ̀n. Mo mì í. Ọgbọ̀n.

Abẹ́rẹ́ ti há láti ìgbà tó ti dé ibẹ̀, Bàbá sì ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lẹ́yìn ìgbà yẹn, lórí ọ̀rọ̀ mi. Ìwọ̀n ohun tó wà nínú ike yẹn, tí ọ̀rẹ́ mi gbé itan lé lórí, kò sí nọ́ńbà tó lè sọ ọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ti sọ, èmi ni mo sì ní etí rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ fún ọ: n kò pariwo lójú ẹsẹ̀. Mo ń wọ̀n ọ́n. Bóyá ìgbà tí mo bọ́ ọ ni abẹ́rẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ há. Bóyá ọgbọ̀n ni lóòótọ́. Bí mo bá pariwo tí kò sì sí nǹkan kan, wọn á máa fi mí rẹ́rìn-ín títí di ọjọ́ tí màmá náà bá kórè. Ọ̀rẹ́ mi fa táàpù lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà tí mo ń wọ̀n ọ́n. Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni, torí mo ka ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

“Fi sílẹ̀,” mo wí. Ohùn mi kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi gbọ́.

“Kí lo wí?”

“Géèjì ti kú. A ò mọ iye tó wà níbẹ̀.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo páìpù, ojú wọn sì yí padà, ó dà bí ojú ẹni tí n kò rí rí.

“Má fa nǹkan kan mọ́,” wọ́n wí fún ọ̀rẹ́ mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Gbé àyà rẹ kúrò. Gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá. Rọra. Bí ẹni tó ń dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.”

Ó gbé ẹsẹ̀, ẹnu ṣòkòtò rẹ̀ sì há mọ́ ọwọ́ táàpù. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, ó ń wò mí. Òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí ike náà. Ó fi ìka méjì já aṣọ náà gbà, ó fi ẹ̀yìn rìn sọ́dọ̀ wa. A jáde. Kò sí ẹni tó sáré. N kò mọ ìdí. Bóyá a rò pé páìpù náà yóò gbọ́ ẹsẹ̀ wa.

A dúró lódìkejì ọ̀nà, lẹ́yìn ògiri ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí. Obìnrin kan ń ta ọsàn nítòsí ibẹ̀, Bàbá sì ní kó gbé àtẹ rẹ̀ sún síwájú.

“Kí ló dé, Bàbá?”

“Afẹ́fẹ́ ni.”

“Afẹ́fẹ́ lẹ̀ ń sá fún, ẹ̀yin géńdé mẹ́ta?” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú wa, ó gbé ara rẹ̀ kúrò. Ó fi àtẹ sílẹ̀.

Mo ní ká dúró, pé bóyá yóò máa jò díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. Bàbá nawọ́ sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù náà kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, kò sì ní ilẹ̀kùn. Oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé. Ìlà rẹ̀ hàn kedere lórí ilẹ̀ dúdú yẹn, kò sì tó ìgbésẹ̀ méjì sí páìpù.

“Táyà tí wọ́n bá fẹ́ ní àfẹ́jù láàárọ̀,” wọ́n wí, “tí wọ́n gbé sóòrùn, ọ̀sán ló ń bẹ́. Ike ò sì lágbára tó táyà.” Èèyàn ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwa mẹ́ta ò lè dá gbogbo wọn dúró. Bàbá ní àwọn á yí táyà tírélà tó wà lẹ́nu ọ̀nà lé e lórí, kí táyà lè gba ohun tó bá fẹ́ fò jáde.

“Èmi ni kó lọ,” mo wí. “Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ fi kún un.”

“O mọ bí wọ́n ṣe ń yí táyà tírélà?”

“Rárá, Bàbá.”

“Ó dáa. Dúró síbẹ̀, kí o máa ka nọ́ńbà.”

Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Mo rò pé ìdí nìyẹn tó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n sọdá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn táyà àkọ́kọ́, táyà náà sì bò wọ́n tán àfi fìlà wọn. Wọ́n yí i lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n jẹ́ kó rọra wó lé páìpù. Wọ́n fi ẹ̀yìn rìn jáde, wọ́n mú ìkejì. Ọ̀rẹ́ mi di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń pe Ọlọ́run láìgbé ohùn sókè. Mo ń wo ìlà oòrùn. N kò lè sọ pé ó ti kan ike náà nígbà tí wọ́n ń yí ìkẹta lọ, n kò sì lè sọ pé kò tíì kàn án.

Ìró náà kò dà bí ìbọn. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan fi ọwọ́ méjì tó tóbi bí ilé pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Páànù òrùlé pariwo. Eruku bo ẹnu ṣọ́ọ̀bù. Àtẹ ọsàn dojú dé, ọsàn sì ń yí lọ lójú títì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan.

“Bàbá!” mo pè. Wọn ò dáhùn. Mo tún pè. Wọn ò dáhùn.

Lọ́tẹ̀ yìí n kò wọn nǹkan kan. Mo sọdá láìwo ọ̀nà, ọlọ́kadà kan sì bú mi. Bàbá jókòó sílẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ti táyà kẹta, eruku ti sọ wọ́n di funfun. Apá wọn pé, ẹsẹ̀ wọn pé. Àfọ́kù ike kan, tó gùn tó ọwọ́ mi, ti wọ ara táyà náà lódìkejì ibi tí àyà wọn wà nígbà tí wọ́n ń yí i. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n rí mi.

“Ṣé o ti ń pè mí ni?” wọ́n bi mí.

Wọ́n ti ìka bọ etí òsì, wọ́n yọ ọ́, wọ́n wò ó. N kò rí ẹ̀jẹ̀. “Ó ń hó,” wọ́n wí, ohùn wọn ga jù. “Bí ìkòkò.”

A mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Dókítà tan iná sí etí wọn, ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Wọn ò padà lọ. Mo bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ó ti ń lọ sílẹ̀, kí n má fi etí àgbàlagbà dá ara mi láàmú. Ọ̀rẹ́ mi kò mẹ́nu kan àgbá mọ́. Màmá rẹ̀ fi agolo àti igi lé ẹyẹ títí wọ́n fi kórè, ọ̀rẹ́ mi sì ní ohun tí wọ́n rí kò burú. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀. N kò dé oko náà.

Géèjì náà wà lórí tábìlì mi báyìí. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ọgbọ̀n. Mo máa ń wò ó nígbà tí nǹkan kan bá dá mi lójú jù. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, mo ka ara mi sí ẹni tí kì í gba ohunkóhun gbọ́ láìwọ̀n ọ́n. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mò ń wọ̀n. Mi ò gbé tèmi sórí òṣùwọ̀n rí. Mo sì máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá ń dúró kó dá òun lójú kò tíì ṣe ohunkóhun. Ọ̀rẹ́ mi fa táàpù lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà tí mo ń dúró.

Lóṣù tó kọjá, mo yà kí Bàbá. Kẹ̀kẹ́ márúwá kan ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, awakọ̀ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù fún ara rẹ̀. Bàbá fẹ́ táyà, wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n mú sípánà, wọ́n di ojú, wọ́n gbá a. Wọ́n dúró. Wọ́n wá yí orí, wọ́n gbé etí ọ̀tún sún mọ́ táyà, wọ́n tún gbá a. “Ó ti yó,” wọ́n wí. Awakọ̀ náà ò jiyàn, ó wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Mo dúró níbẹ̀, mo ń gbìyànjú láti rántí bóyá báyìí ni wọ́n ṣe máa ń yí orí ṣáájú Sátidé yẹn, àti etí wo ni. Sátidé mẹ́ta ni mo fi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, n kò wo etí wọn lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà n kò lè sọ pé etí òsì ti kú, n kò sì lè sọ pé ó yè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń gbá táyà. Lóṣù tó kọjá yẹn, mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni.